Ọmọ gọ́pì ń pòórá nínú táǹkì lítà 60, àwọn tó sì kù kò dàgbà

Ẹlẹ́jaTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ gọ́pì, ẹja ọ̀ṣọ́ kékeré yẹn, ni mo bá wá. Táǹkì gíláàsì tó wà nílẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, omi inú rẹ̀ sì tó lítà 60. Akọ mẹ́rin àti abo mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fílítà fóòmù kan tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Kò sí híítà. Kò sí ewéko kankan, àfi òkúta wẹ́wẹ́ àti ilé oníke kékeré kan.

Àwọn abo ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ tí wọ́n bá bímọ, èèyàn lè ka nǹkan bí ogún ọmọ; tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti ku mẹ́ta. Kò sí òkú nílẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ìbí àkọ́kọ́ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò sì tíì gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Oúnjẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún ẹja ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, mo máa ń fi ìka rún un kúnná. Omi bọ́ọ̀hòlù ni mò ń lò, ìwé ìdánwò sì ní pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó) jẹ́ 6.2. Gbogbo omi ni mo ń dà nù ní Sátidé, mo sì ń fọ fóòmù yẹn mọ́ tónítóní lábẹ́ ẹ̀rọ. Ṣé kí n ra àpótí ìbímọ tí wọ́n ń fi kọ́ ara gíláàsì ni, àbí nǹkan míì ló ń ṣẹlẹ̀?

BabaOjúOró

Ẹ má wá òkú nílẹ̀. Inú ìyá wọn àti inú bàbá wọn ni wọ́n wà. Gọ́pì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ rẹ̀ àti tanwíjí; ohun tó bá ń mì, tó sì gba ẹnu, oúnjẹ ni. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ju mìlímítà 6 sí 8 lọ. Nínú táǹkì tí kò sí ibi ìsápamọ́, kí mẹ́ta kù nínú ogún tiẹ̀ pọ̀.

Àpótí ìbímọ yẹn, ẹ má tíì rà á. Ohun tó ń gbà kò ju lítà kan tàbí méjì, omi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé jáde nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá sé abo tó lóyún mọ́bẹ̀, ẹ̀rù á bà á, á máa fi orí gbá ike. Nígbà míì á di ọmọ mú títí ọjọ́ á fi kọjá. Nígbà míì á sọ wọ́n sílẹ̀ láìpé ọjọ́. Ẹ máa mọ èyí tí kò pé ọjọ́: nǹkan róbótó bíi pupa ẹyin ṣì so mọ́ ikùn rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà tí kò lè wẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í yè. Tí ẹ bá ti ra àpótí náà tẹ́lẹ̀, ọmọ ni kí ẹ fi sínú rẹ̀, kì í ṣe ìyá, kó má sì ju ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ.

Ohun tó yẹ kó wà nínú táǹkì yẹn ni ojú oró. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú oró odò náà tó máa ń lékè omi. Gbòǹgbò rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí irun, ó sì ń dí bí igbó. Ọmọ gọ́pì sábà máa ń rìn lókè omi, inú gbòǹgbò yẹn gan-an ni yóò bọ́ sí, àgbà ẹja ò sì lè lé e wọbẹ̀. Ojú oró márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ tó yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bo ju ìdajì ojú omi lọ, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú omi. Tí wọ́n bá bò ó tán, ẹ máa rí i ní ìdájí pé gbogbo ẹja ti gòkè, wọ́n ń yanu.

Ewu tó wà nínú ojú oró odò ni ọmọ lámilámi. Kí lámilámi tó hu ìyẹ́, inú omi ló ń gbé, ẹran ló sì ń jẹ. Ọ̀kan péré lè jẹ ọmọ ẹja tán níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún máa bú ìyá wọn. Nítorí náà, ẹ ṣan gbòǹgbò náà nínú omi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá fi sínú garawa funfun tí kò sí ẹja nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Funfun ni mo wí, kí ẹ lè rí ohun tó bá ń rìn nísàlẹ̀. Ẹ má lọ já a níbi tí wọ́n ti ń fín oògùn apakòkòrò tàbí apapo. Tí ẹ bá rí Java moss, ewéko wẹ́wẹ́ inú omi kan, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, ẹ̀kúnwọ́ méjì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ ò sì ní bá lámilámi fà á.

Ẹ tún wo ẹ̀yà yín: akọ mẹ́rin, abo mẹ́ta. Ó dojú rú. Akọ gọ́pì kì í sinmi, tọ̀sán tòru ni wọ́n máa ń lé abo, abo tí kò bá sì rí ìsinmi kì í jẹun kánú. Akọ kan sí abo méjì tàbí mẹ́ta ló dára. Ẹ fi akọ kan sílẹ̀, kí àwọn mẹ́ta tó kù máa gbé ibòmíràn.

Ti ọjọ́ ìbí: ẹ kọ ọjọ́ tí abo kọ̀ọ̀kan bímọ sílẹ̀. Gọ́pì máa ń bímọ ní nǹkan bí ọjọ́ 28 sí ara wọn, omi tó bá móoru díẹ̀ á jẹ́ kó yá ju bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 22 ni kí ẹ ti máa ṣọ́ ọ. Àmì dúdú tó wà nítòsí ìdí rẹ̀ á fẹ̀, á sì ṣú. Ikùn tó rí róbótó tẹ́lẹ̀ á ní igun níwájú, bí ìgbà tí wọ́n fi páálí sí i. Tó bá ku wákàtí díẹ̀, á kúrò láàárín ẹgbẹ́, á dúró sí kọ̀rọ̀ kan, á kọ oúnjẹ, á sì máa mí lémọ́lémọ́.

Ẹ wá ike tó gba lítà 20 sí 25. Inú táǹkì ni kí ẹ ti bu omi sí i, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kì í ṣe omi tuntun. Ẹ fi fóòmù kejì tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú táǹkì fún oṣù kan sínú rẹ̀, àti ojú oró mẹ́ta. Ní bí ọjọ́ 20, ẹ fi kọ́ọ̀pù bu abo náà pẹ̀lú omi rẹ̀, ẹ má fi àwọ̀n kó o. Tí ikùn rẹ̀ bá ti fọn tán lẹ́yìn ìbí, ẹ bu ìyá padà. Ìyá là ń gbé kúrò, a kì í gbé ọmọ. Ibi tí wọ́n bí wọn sí ni kí wọ́n ti dàgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ti àìdàgbà, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ omi jù mí lọ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fọ fóòmù yẹn lábẹ́ ẹ̀rọ.

Àbíkẹ́_Olómi

Ẹ ṣé, Bàbá. Ibi tí ẹ parí sí yẹn ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Fóòmù yẹn kì í ṣe asẹ́ lásán, ilé bakitéríà ni. Amóníà ń jáde lára ẹja láti ibi tí wọ́n fi ń mí, ó ń jáde nínú ìgbẹ́ wọn àti nínú oúnjẹ tó ṣẹ́kù, májèlé sì ni. Bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Òmíràn wá ń sọ náítráìtì di náítréètì, tí ara ẹja lè gbà mọ́ra dé ìwọ̀n kan. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ nínú táǹkì tuntun. Ohun tí ẹ wá ń ṣe ní Sátidé ni pé ẹ ń ṣan púpọ̀ nínú wọn dànù, ẹ sì ń fi omi tí kò jọ ti àná rárá rọ́pò. Àgbà ẹja lè fara dà á. Ọmọ ẹja á wà láàyè, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà.

Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, lítà 15 sí 20 ni kí ẹ máa fà jáde nínú 60, ìyẹn ìdá mẹ́rin tàbí díẹ̀ lé. Fóòmù: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, inú omi tí ẹ fà jáde yẹn ni kí ẹ ti fún un lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kó jọ ohun tó ṣì dọ̀tí díẹ̀, kí ẹ dá a padà. Tí ẹ bá lè ra ohun ìdánwò olómi, amóníà gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, náítráìtì 0, kí náítréètì má sì ju mìlígíráàmù 20 sí lítà kan lọ fún ọmọ, 40 fún àgbà.

Ó yá, pH 6.2. Ẹ má tètè gba nọ́ńbà yẹn gbọ́. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde máa ń gbé gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì wá, ìyẹn sì ń jẹ́ kó kan. Ẹ pọn ún sínú garawa, ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ fún wákàtí 24, kí ẹ tún un dán wò. Tó bá gòkè dé 7, gáàsì lásán ni. Tó bá ṣì wà nísàlẹ̀ 6.8, a jẹ́ pé omi yín kò ní èròjà: omi rírọ̀ ni, irú èyí tí ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ wàràwàrà. Ó dùn ún fọ aṣọ, kò dára fún gọ́pì. Ẹja omi líle ni gọ́pì, mọ́lì, plátì àti swordtail. Gọ́pì ń fẹ́ GH (ìwọ̀n líle omi) 8 sí 15 àti KH (ìwọ̀n èròjà tí kì í jẹ́ kí pH ṣàdédé wálẹ̀) tí kò dín ní 4. Mọ́lì fẹ́ kó le jù bẹ́ẹ̀. Nínú omi rírọ̀, mọ́lì á máa gbọ̀n lójú kan láìlọ síbì kankan, gọ́pì á pa lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra, ọmọ wọn ò sì ní rí kálísíọ́ọ̀mù tó láti fi ṣe eegun. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ táwọn èèyàn kì í kà sí: tí pH bá ti lọ sísàlẹ̀ 6.5, bakitéríà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á máa fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́. Tó bá sún mọ́ 6, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ mọ́.

Oògùn rẹ̀ wà nílé ìdáná. Ìkarahun ìgbín. Ẹ ha ẹran tó kù lára rẹ̀ dànù, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 15, ẹ sá a gbẹ, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tó hóró àgbàdo. Gíráàmù 150 nínú àpò àwọ̀n tàbí ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́, kí ẹ fi há ibi tí hóró afẹ́fẹ́ ti ń ru sókè. Tí ẹ ò bá fẹ́ làálàá yẹn, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ, ẹ béèrè oyster shell tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ ayéyin. Owó kékeré ni. Ẹ ṣàn án títí eruku rẹ̀ á fi tán. Èèpo ẹyin náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n awọ funfun inú rẹ̀ máa ń rà, ẹ gbọ́dọ̀ bó o kúrò.

Ìwà ìkarahun ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀: omi tó kan ló ń yọ́ ọ, tí pH bá ti ń súnmọ́ 7.5, yíyọ́ náà á dínkù fúnra rẹ̀, kò ní ṣàdédé ta omi yín sókè. Ó máa gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó rí ìyípadà. Ẹ fi díẹ̀ sínú garawa tí ẹ ń tọ́jú omi sí pẹ̀lú, kí omi tí ẹ máa fi pààrọ̀ lè bá ti inú táǹkì dọ́gba. Ẹ ò gbọdọ̀ lo kán-ún o! Mo rí i táwọn kan ń gba ara wọn nímọ̀ràn rẹ̀. Kán-ún á gbé pH sókè lójú ẹsẹ̀, kò sì ní fi kálísíọ́ọ̀mù kankan sí i. Nínú táǹkì tó ní amóníà, pH tó bá ṣàdédé lọ sókè ń sọ amóníà di olóró sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ máa kó òkú.

IráyòTán

Mi ò ní pẹ́. Nǹkan méjì tó ń pa ẹja nílé tí èèyàn kì í fura sí.

Àkọ́kọ́, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà sínú omi. Tí ẹ bá fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá, inú omi ló ń lọ tààrà, irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì le fún ẹja ju bó ṣe le fún èèyàn lọ fíìfíì. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ò dára. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ fín nǹkan, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi ọ̀rá tàbí aṣọ tútù bo táǹkì, ẹ ṣí fèrèsé fún wákàtí méjì kí ẹ tó tan án padà.

Ìkejì, tí iná bá lọ. Bí pọ́ǹpù bá wà nísàlẹ̀ ju ojú omi lọ, omi lè gba inú rọ́bà tín-ín-rín yẹn padà wá sínú pọ́ǹpù, á bà á jẹ́, á sì da omi sílẹ̀. Ẹ gbé pọ́ǹpù ga ju táǹkì lọ, tàbí kí ẹ fi check valve, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, sí àárín rọ́bà. Fún ìgbà tí iná ọba bá pẹ́ kó tó dé, pọ́ǹpù kékeré tó ń lo USB lè jẹ lára báńkì iná fóònù. Táǹkì tí ẹja rẹ̀ kò pọ̀ lè fara da wákàtí mélòó kan láìsí afẹ́fẹ́. Táǹkì tó há, pàápàá nígbà ooru tí omi ti gbóná dé 30°C, kò lè dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀, torí omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ ìmí púpọ̀ mọ́ra.

Ẹlẹ́jaTuntun

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ní kí n máa fún àwọn ọmọ ní pupa ẹyin. Ẹni tó ta ẹja náà sì ní kí n máa bu ṣíbí iyọ̀ kan sí i nígbàkígbà tí mo bá pààrọ̀ omi, pé ìyẹn ló ń mú omi le.

ÌkòròdúHatchery

Ti oúnjẹ ni tèmi. Pupa ẹyin ń bọ́ ọmọ ẹja lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú lítà 20, ó ń ba omi jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá di dandan, sísè ni kí ẹ sè é le, ẹ mú èyí tó kéré tó hóró ẹ̀wà, ẹ fi aṣọ tín-ín-rín pò ó mọ́ omi díẹ̀, ìkán mẹ́rin márùn-ún péré, kí ẹ sì fa ìdá márùn-ún omi jáde lẹ́yìn wákàtí méjì. Ta ló máa ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́?

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹja àrọ̀, ẹ béèrè artemia, ìyẹn ẹyin ẹ̀dá wẹ́wẹ́ bí edé tó ń gbé inú omi oníyọ̀. Ohun kan náà tí à ń fún ọmọ àrọ̀ ni. Oríṣi méjì ló wà, ẹ má sì ṣì wọ́n mú. Èyí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ kì í pa mọ́. Ẹ lè fún ẹja bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń rì, èyí tí wọn ò bá jẹ á sì rà. Èyí tó dára jù fún gọ́pì ni èyí tó ń pa, torí pé ó ń rìn, ìrìn yẹn ló sì ń mú kí ọmọ ẹja ṣọdẹ.

Bí a ṣe ń mú kí ẹyin náà pa: ẹ gé ìdí ike omi lítà 1.5, ẹ da orí rẹ̀ kodò pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Omi lítà kan, iyọ̀ ìdáná gíráàmù 25, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ kan àbọ̀ tí kò ga. Tí omi yín bá kan, ẹ fi ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì baking soda sí i. Ẹyin artemia ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì tó fún ogójì ọmọ gọ́pì. Ẹ má bù ú jù. Ẹ ti rọ́bà afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí omi náà máa hó láìdúró, torí ẹyin tó bá jókòó sójú kan kì í pa. Kí iná gílóòbù tàn sí i nítòsí. Ní 26 sí 28°C, wákàtí 24 sí 30 ti tó. Tí ọyẹ́ bá mú, ó lè di 36.

Tí omi bá ti di àwọ̀ ọsàn, ẹ pa afẹ́fẹ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèpo á léfòó, ẹyin tí kò pa á rì, àwọn ọmọ á kó jọ sí apá ìsàlẹ̀ tí iná wà. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín fà wọ́n sínú áńkáṣíìfù, ẹ ṣàn wọ́n, ẹ fún ẹja. Ẹ má jẹ́ kí èèpo bá a lọ, ó máa ń dí ìfun ọmọ ẹja. Kí ẹ lò ó tán láàárín wákàtí 12, torí ohun aṣaralóore tó gbé wá láti inú ẹyin ló ń jẹ tán lọ. Nínú omi tí kò níyọ̀, á wà láàyè fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà á kú, nítorí náà ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ ni kí ẹ fi sí i. Ikùn ọmọ tó bá yó á pupa bí ọsàn, ẹ máa rí i látìta, torí ara wọn mọ́ gaara bíi gíláàsì.

Agolo kan pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè lò lọ kó tó bàjẹ́. Ẹ pín in, ẹ dì í mọ́ afẹ́fẹ́, kó wà nínú fíríìjì.

Lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n á jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ artemia: ẹ̀ẹ̀mejì artemia, ẹ̀ẹ̀mẹta oúnjẹ oníyẹ̀fun ọmọ àrọ̀, èyí tó kéré jù, mìlímítà 0.2 sí 0.3. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì àti èyí tó ń jẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún kọjá kékeré. Ọmọ tí ebi bá pa ní oṣù àkọ́kọ́ kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, kódà tí ẹ bá bọ́ ọ lẹ́yìn náà. Nítorí náà àwọn mẹ́ta ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn lè má tóbi tán o.

Oúnjẹ púpọ̀, ìdọ̀tí púpọ̀. Nínú ike àwọn ọmọ, ẹ máa fa ìdá mẹ́rin omi jáde lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ tín-ín-rín yẹn, sínú garawa funfun. Tí ọmọ kan bá gbabẹ̀ lọ, ẹ máa rí i, ẹ ó sì fi ṣíbí bu ú padà. Ẹ má fi òkúta sí ìsàlẹ̀ ike ọmọ, oúnjẹ ló ń sá sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, tanwíjí dé. Ẹ gbé garawa omi síta, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú àwọ̀n, ẹ ṣàn án. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò bá jẹ á hu ìyẹ́ nínú pálọ̀ yín. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ fún ìṣẹ́jú kan tún dára, fún mọ́lì pàápàá, torí ewéko ló fẹ́ràn jù.

Àbíkẹ́_Olómi

Ti iyọ̀: irọ́ ni pé iyọ̀ ń mú omi le. Kálísíọ́ọ̀mù àti magnẹ́síọ́ọ̀mù ló ń jẹ́ líle omi. Sódíọ́ọ̀mù ló wà nínú iyọ̀. Ẹ sì ronú wò ó: tí ẹ bá ń bu ṣíbí kan ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí omi sì ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá omi gbẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ ò ní mọ iye tó wà níbẹ̀ mọ́. Ojú oró Bàbá á sì ti jóná.

BabaOjúOró

Àbíkẹ́, mo bá ọ gbà á títí dé ojú oró, ṣùgbọ́n má jẹ́ ká ju iyọ̀ nù pátápátá. Tí náítráìtì bá yọ nínú táǹkì tí fóòmù rẹ̀ kò tíì gbó, gíráàmù kan sí lítà kan kì í jẹ́ kí náítráìtì ráyè wọ ara ẹja. Tí àwọn hóró funfun bí iyọ̀ bá sì yọ sára ẹja, gíráàmù méjì sí mẹ́ta sí lítà kan, kí omi wà ní 28 sí 30°C, fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ó ń pa á. Inú ike ọ̀tọ̀ tí kò ní ewéko ni wọ́n ti ń ṣe é. Oògùn ni iyọ̀, kì í ṣe ohun ojoojúmọ́.

Ẹni tó béèrè, ohun kan ṣì kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí kẹrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya akọ kúrò lára abo. Ẹ bu wọ́n sínú ife gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e síwájú iná. Abo ní àmì dúdú nítòsí ìdí, lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ sì ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Ti akọ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, á máa ṣe ṣóńṣó lọ sẹ́yìn títí á fi di bí ọ̀pá. Òun ló fi ń gbé àtọ̀ wọlé. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ kà á sí akọ. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀, abo á lóyún kí ara rẹ̀ tó dàgbà, oúnjẹ tó yẹ kó fi tóbi á di ti ọmọ. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ tàbí tó ń wẹ̀ gbágbágbá, ẹ má jẹ́ kó bímọ.

Ẹlẹ́jaTuntun

Tí mo bá wá yọ gbogbo akọ kúrò, ṣé ìbímọ á dúró?

BabaOjúOró

Kò ní dúró lójú ẹsẹ̀. Abo gọ́pì ń tọ́jú àtọ̀ sínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè bímọ léraléra láìfojú kan akọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wá àwọ̀ kan pàtó fi gbọ́dọ̀ lo abo tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti kékeré. Abo tí ẹ rà lọ́jà, oyún ẹni tí ẹ ò mọ̀ ló gbé wálé. Swordtail àti plátì tún ń gun ara wọn, ẹ má kó wọn pọ̀ tí ẹ bá fẹ́ kí ìran wọn mọ́.

Tí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ fún àwọn ẹlòmíì tàbí ẹni tó ń ta ẹja. Ẹ má dà wọ́n sí gọ́tà tàbí odò. Gọ́pì ti wà nínú àwọn gọ́tà Èkó báyìí, ilé rẹ̀ sì ni apá Trinidad àti Fẹnẹsúẹ́là. Bákan náà, ẹ má bu ti gọ́tà wálé fi kún tiyín. Aràn ló máa ń bá a wá.

IráyòTán

Bàbá, ẹ dárúkọ aràn. Tí okùn pupa tín-ín-rín bá ń yọ ní ìdí ẹja tó dúró, tó sì ń sá wọlé tó bá wẹ̀ ńkọ́?

ÌkòròdúHatchery

Camallanus nìyẹn. Iyọ̀ kò ràn án. Levamisole tí wọ́n ń tà nílé oògùn ẹran ọ̀sìn ni: mìlígíráàmù 2 oògùn gidi sí lítà omi kan. Fún lítà 60, mìlígíráàmù 120. Tí ara agolo bá kọ 10%, ẹ wọn gíráàmù 1.2 ìyẹ̀fun náà. Ẹ pa iná táǹkì, ẹ fi aṣọ bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba oògùn náà jẹ́. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fa ìsàlẹ̀ táǹkì dáadáa kí ẹ sì pààrọ̀ ìdajì omi: oògùn yìí ń rọ aràn lápá ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á, èyí tó bá jábọ́ sílẹ̀ tí ẹja tún jẹ á padà sínú. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Gbogbo ẹja inú táǹkì náà ni kó gbà á, kì í ṣe èyí tí okùn yọ lára rẹ̀ nìkan.